Ẹ̀yìn Aago

Lórí tábìlì mi ní Saint-Imier, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkè,
mo fi abẹ́rẹ́ irin fín páráṣúùtì mẹ́ta
sí ẹ̀yìn ọ̀ọ́dúnrún aago ọwọ́.
Mẹ́ta, nítorí pé mẹ́ta kún ojú.
Mẹ́ta, nítorí pé Ọ̀gá Rossel wò ó títí, ó ní,
"Ọ̀kan ṣoṣo á dà bí ẹyẹ tó ṣìnà."
Mo fi oòrùn sí i lókè, ìtànṣán méjìlá,
ìkọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú náà wà, roboto bí ìkòkò,
tó ń bọ̀ wálẹ̀ sí pápá Kasakisitáànì
lọ́dún tí wọn ò tíì bí mi.

A fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan
tí ọkọ̀ náà balẹ̀ níṣojú rẹ̀.
Ọ̀gá ní ẹ̀bùn ni. Ó ní á dára fún orúkọ wa.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, aago padà dé.
Serikbol, ọmọ rẹ̀, ló kọ lẹ́tà,
ṣùgbọ́n ohùn ìyá ló wà nínú ẹ̀:

"Ẹ ṣé. Aago yín dára, ó ń ṣiṣẹ́ ju ọmọ mi lọ.
Ṣùgbọ́n èmi Orazgul ni mo wà níbẹ̀.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ń wá abo àgùntàn kan
tó sá lọ bímọ sínú òjò dídì.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Oòrùn wo lẹ rí?
Ìràwọ̀ ṣì wà lókè, ọ̀kan nínú wọn pupa,
ó ń tóbi, ó ń tóbi, kò fẹ́ dẹ́kun.
Páráṣúùtì kan ni. Kan.
Iṣẹ́ mi ni kíkà: àgùntàn mẹ́tàlélógójì nírọ̀lẹ́,
mẹ́tàlélógójì láàárọ̀, bí ọ̀kan bá dín, bàbá mi á mọ̀ sí mi lára.
Ó sì ti fàya létí, ó tó ẹnu ọ̀nà àgọ́ wa,
atẹ́gùn ń súfèé níbi tó ti ya.
Ọkùnrin tó jáde níbẹ̀ bì sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.
Ó sunkún nígbà tí ọmọ àgùntàn lá ọwọ́ rẹ̀.
Mo wá a lẹ́yìn aago yín, mi ò rí i.
N kò bínú o.
Àmọ́ bí mo bá kú, aago yìí ló máa jẹ́rìí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wo ẹ̀yìn aago?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan lòtítọ́ ó lé e bá.
Irọ́ tiwa, a ti fi òróró sí i lẹ́sẹ̀,
a sì fún un níwèé ẹ̀rí ọdún márùn-ún pé kò ní bàjẹ́.

Nílé iṣẹ́ wa, bí aago bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin pẹ́ lóòjọ́,
a ó tú u palẹ̀,
a ó wá ẹ̀bi rẹ̀ dé eyín tó kéré jù lọ.

Lóru, mo lọ ṣílẹ̀kùn. Mo tan iná kan.
Mo fi òkúta ha oòrùn mi kúrò, ìtànṣán kan lẹ́yìn èkejì.
Páráṣúùtì méjì tẹ̀lé e.
Èyí tó kù, mo fà á ya létí.
Nísàlẹ̀ pátápátá, mo fín ohun kékeré kan tí kò ju hóró jéró lọ:
àgùntàn, àti ọmọ rẹ̀.

Irin a máa lápàá.
Bí ẹ bá yí i síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé,
ẹ ó ṣì rí àwọn méjì tí mo pa rẹ́,
wọ́n rọ̀ bí òjìji
lójú ọ̀run tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Mo dì í, mo fi ránṣẹ́.
Ọ̀ọ́dúnrún ó dín kan ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri,
aago wọn ò pẹ́, kò yá.

Èsì Serikbol kò ju ìlà kan lọ:
"Ìyá mi dúpẹ́. Ó ní dúdú ni ọmọ àgùntàn náà."